Nígbà Tí Ohùn Sakinah Lọ

Bí Sakinah bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìṣirò, ẹni tó ń kọjá lójú títì á gbọ́ ọ ketekete. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Fate, nílùú Ìlọrin, ló ti ń ṣe tíṣà. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé-ìwé náà máa ń fi ṣeré pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n fún òun náà ní sátífíkéètì, nítorí kò sí ẹ̀kọ́ kan tí Aǹtí Sakinah kọ́ tí òun kì í gbọ́ nídìí ọjà òun. Sakinah á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì dùn. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ohùn náà. Alfa ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, ní Pàkátà, bó bá sì ń ṣe wáàsí, kì í wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ọ̀nà tí Sakinah ń gbà kọ́ni kò le. Á ṣàlàyé, á kọ àpẹẹrẹ sójú pátákó, á tún un ṣàlàyé, á wá kọjú sí kíláàsì.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, mà!"

"Ṣé ká máa lọ?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mà!"

Á nu pátákó, wọ́n á bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ní kékeré nìyẹn, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà tí ìdánwò sáà kìíní wá dé, tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ sì fìdí rẹmi nínú ìṣirò, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan sí ìdá, ó dùn ún gan-an. Ó ní àwọn ọmọ ìwòyí kì í ṣí ìwé nílé. Ó ní fóònù àwọn òbí wọn ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá.

Ọjọ́ tí àwọn òbí wá gba ìwé èsì ni Yísà wọlé wá. Awakọ̀ ni Yísà, ó ń wa bọ́ọ̀sì láti Gáréèjì Ọ̀fà lọ sí Òṣogbo. Ọmọ rẹ̀, Umar, wà lára àwọn tí èsì wọn burú jù, hẹdimásítà sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé bí kò bá ṣe dáadáa sí i kí ọdún tó parí, yóò tún kíláàsì karùn-ún kà.

"Àsàlámù aléékúmù, Aǹtí."

"Wàlékúmù sàlámù, Bàbá Umar. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó."

Yísà jókòó. Ó tẹ́ ìwé èsì náà síwájú rẹ̀. Sakinah ti ń múra sílẹ̀ fún ìjà, nítorí àwọn òbí mìíràn ti kọ́kọ́ wá bá a pariwo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n Yísà kò pariwo.

"Aǹtí, n kò bá ìjà wá o," ló wí. "Mo rí i pé ìṣirò ò lọ dáadáa. Mo kàn ní kí n bi yín ni. Ibo gan-an ni kò ti yé e? Bí mo bá mọ ibẹ̀, èmi àti ìyá rẹ̀ á wá ẹni tó máa bá wa tún un ṣe nílé."

Sakinah fa ìwé èsì náà mọ́ra, ó tún un wò. Òun fúnra rẹ̀ ló máàkì ìwé ọmọ náà. Ó fi bírò pupa fa igi lé ibi tó ti gbà á, ó fi ṣe àmì àṣìṣe síbi tí kò ti gbà á, ó ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mọ iye máàkì tí Umar gbà. Ohun tí Umar ń rò nígbà tó ń ṣe é, kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ sọ fún un kó tẹra mọ́ ìwé rẹ̀, sà," ló dáhùn nígbẹ̀yìn. "Eré rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Yísà mi orí. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Sakinah ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà sọ́nà. Àdúrà yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìbá sàn kó bá a jà.

Sáà kejì kò tíì jìnnà nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ há díẹ̀. Ó lá oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi omi gbígbóná mu ata ilẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó wá di pé ohùn náà ń já lẹ́nu rẹ̀ bí okùn tó ti gbó, ọkọ rẹ̀, Abdulmumini, gba ààyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní GRA, ó sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Dókítà fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀fun rẹ̀. Ó ní nǹkan kéékèèké ti wú síbi tí ohùn ti ń jáde, ariwo ọdún pípẹ́ ló sì fà á.

"Kò tíì burú jù," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ó dákẹ́ o, mà. Mi ò ní kí ẹ máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ o, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gan-an ń ni ọ̀fun lára. Ẹ ó dákẹ́ pátápátá, títí n ó fi tún yẹ̀ yín wò. Bí ẹ bá gbọ́ràn, Ọlọ́run á jẹ́ kí ó lọ fúnra rẹ̀, a ò sì ní fọ̀bẹ kàn án."

Nínú ọkọ̀, Abdulmumini wojú rẹ̀. "Ìyá Àìṣà," ló wí, "Ọlọ́hun ló ní kí ilé wa sinmi díẹ̀." Sakinah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé ẹ̀rín náà ní ohùn nínú, ó wá di ẹnu rẹ̀ mú, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.

Ó gba ọ̀dọ̀ hẹdimásítà lọ, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ fún un sínú ìwé. Ọkùnrin náà kà á tán, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fọwọ́ ra ojú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Aǹtí Sakinah. Ọlọ́run á wò yín sàn. Ẹ lọ sinmi nílé. Àmọ́ n kò ní tíṣà mìíràn tí n ó fi síbẹ̀ o. Kíláàsì kẹrin ni n ó kó wọn mọ́."

Sakinah ro bí kíláàsì kẹrin ṣe kún tó, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ tilẹ̀ ń jókòó mẹ́rin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan. Ó tún mú bírò. "Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú, sà," ló kọ.

"Ẹ gbìyànjú kí ni? Báwo lèèyàn ṣe ń fi ìdákẹ́ kọ́ ọmọ?"

Sakinah gbé èjìká sókè. Òun náà kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Àtìní, tíí ṣe ọjọ́ Ajé, ó wọ kíláàsì, àwọn ọmọ sì dìde kí i. Kò dáhùn. Ó yí padà sí pátákó, ó kọ ọ́ pé: "Ohùn mi ń ṣàìsàn. Ojú mi àti etí mi kò ṣàìsàn. Ẹ bá mi fọwọ́ sowọ́ pọ̀."

Àwọn ọmọ kà á pọ̀ sókè. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Huda, ẹni tó sábà máa ń gba ipò kìíní, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà, mà." Gbogbo kíláàsì ní àmín. Sakinah fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó tẹrí ba fún wọn.

Kó tó lọ síwájú, ó fẹ́ mọ ohun tó kù lórí wọn nínú ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ wọn kọjá. Ó kọ ìbéèrè kan tó rò pé kò ní le fún wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin, èwo ló tóbi jù?

Ọwọ́ gòkè. Àwọn kan náà tó máa ń nawọ́ lójoojúmọ́ ni. Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, á ní, "Huda, ó yá," Huda á dáhùn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, ó tán. Ṣùgbọ́n kò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó dúró díẹ̀, ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé kí kálukú ya abala ìwé kan, kí ó kọ ìdáhùn tirẹ̀ gàdàgbà sí i, kí ó má sì jẹ́ kí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí i. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn ọmọ náà sì gbé ìwé wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Sakinah wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kọ ọ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló tóbi.

Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni wọ́n ti pariwo pé "Ó yé wa, mà!" lé lórí ní sáà tó kọjá. Bó bá ní ohùn lọ́jọ́ náà ni, á ti figbe ta, á ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ní ohùn. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó máa wo àwọn ìwé náà lọ. Bó sì ṣe ń wò wọ́n, ó rí i pé ìdáhùn náà kì í ṣe ìdáhùn aláìnírònú. Ó jọ pé gbogbo wọn ń ro nǹkan kan náà.

Ó nàka sí Umar, ó kọ ọ́ sójú pátákó pé: "Kí ló dé tí o fi rò bẹ́ẹ̀?"

Umar dìde, kò sọ nǹkan kan. Sakinah dúró. Tẹ́lẹ̀, kì í dúró de ọmọ tó èyí. Bí ọmọ kò bá tètè dáhùn, á gbé ìbéèrè náà fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ń lé e. Ó kàn ń wo ọmọ náà tìfẹ́tìfẹ́.

"Torí pé, mà," ni Umar wí, ó ń wolẹ̀, "mẹ́rin ju mẹ́ta lọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sakinah gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín dákẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ta ló rò bẹ́ẹ̀ náà?" Ọwọ́ ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pọ̀. Umar bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé òun nìkan kọ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tó ń jẹ́ Binta. Ìyá rẹ̀ ń ṣe wàrà dídì tà. Sakinah kò rántí ìgbà tí Binta la ẹnu ní kíláàsì kẹ́yìn. Ọmọ náà dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Aǹtí, tí màmá mi bá gé wàrà kan fún àwa mẹ́ta, tèmi máa ń tóbi. Tí ọmọ bùrọ̀dá mi bá wá, tí a di mẹ́rin, tèmi á kéré sí i."

Ni ariwo bá sọ. "Háà!" ni Umar wí. "Bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe máa kéré tó!" Àwọn kan ń fọwọ́ gé wàrà lójú òfuurufú, àwọn kan ń bá ara wọn jiyàn. Sakinah kò lè sọ nǹkan kan, ó wá ń pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ fún Binta, ó yí sí Umar, ó pàtẹ́wọ́ fún òun náà, nítorí pé bí Umar kò bá sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde, kò sí ohun tí Binta ìbá dáhùn sí.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n yíya ìwé lójoojúmọ́ kò lè pẹ́ kó tó tán ìwé àwọn ọmọ. Huda lọ sọ fún bàbá rẹ̀, Shehu, tó ń ṣe kápẹ́ńtà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Shehu ti kó àjákù pákó pẹlẹbẹ jọ, ó gé wọn dọ́gba, ó fi bébà oníyanrìn họ ẹ̀gbẹ́ wọn kó má baà gún ọmọ lọ́wọ́, ó sì kùn wọ́n ní dúdú. Ó gbé wọn wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí Sakinah fọwọ́ ṣe àmì pé èló ni, ó ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Kálukú gba tirẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì kan. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló ń lọ sí ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́, wàláà, bíi ti pákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, ni wọ́n pè é lójú ẹsẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Kò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin o. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lá máa ń na ọrùn wo wàláà Huda kó tó kọ tirẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí Sakinah. Ó ti ń lọ gba wàláà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wo ojú ọmọ náà dáadáa. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò fẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Sakinah á mú àṣìṣe kan tó rí lára wàláà, á kọ ọ́ sójú pátákó láìdárúkọ ẹni tó ni ín, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹni tó ṣe èyí ronú. Níbo ló ti gbà á? Níbo ló ti ṣìnà?" Àwọn ọmọ á wá a jọ. Nígbà tó yá, Kọ́lá gan-an ló ń pariwo pé, "Aǹtí, tèmi nìyẹn! Mo ti rí ibi tí mo ti ṣe é!"

Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá, Sakinah ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì, ó ń wo wàláà kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ Umar. Ìbéèrè ojú pátákó ni pé kí wọ́n ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Umar ti kọ ìdá méjì nínú mẹ́fà. Sakinah lóṣòó tì í. Kò pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo ro ti òkè pọ̀ mọ́ ti òkè, mà. Ọ̀kan àti ọ̀kan, méjì. Mo wá ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Méjì àti mẹ́rin, mẹ́fà."

Sakinah ya àwòrán wàrà kan. Ó pín in sí méjì, ó kun ìdajì rẹ̀. Ó tún ya òmíràn tó bá a dọ́gba, ó pín in sí mẹ́fà, ó kun méjì nínú rẹ̀. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì fún Umar, ó sì ń wò ó.

Umar wo èkíní, ó wo èkejì. "Aǹtí, ìdajì ni mo kọ́kọ́ ní. Mo tún wá fi nǹkan kún un." Ó fọwọ́ họ orí. "Ó wá kéré sí ìdajì tí mo ní! Kò lè rí bẹ́ẹ̀!" Ẹ̀rín pa á. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ pa ìdáhùn náà rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdajì wàrà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, títí ó fi rí i pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi ọ̀sán, Sakinah ṣí àpótí, ó yọ ìwé ìdánwò Umar ti sáà kìíní jáde. Ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ pé. Ìyọkúrò rẹ̀ pé. Ibi kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo àṣìṣe ọmọ náà ti wá, ó kàn ń jẹ yọ níbi púpọ̀ ni. Bírò pupa tirẹ̀ ti kọjá lórí gbogbo wọn láìrí i.

Yísà kò mọ̀ nípa èyí. Ohun tó gbọ́ ni pé ara Aǹtí Sakinah kò yá, ó sì gbé ojúlówó oyin wá láti ojú ọ̀nà Òṣogbo. Ó bá a ní kíláàsì lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde, Umar ń gbálẹ̀.

"Ẹ kú àìdá ara o, Aǹtí. Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, wọ́n ti sọ fún mi."

Sakinah juwọ́ sí i pé kó wá jókòó. Ó fún Umar ní wàláà kan, ó kọ ọ́ sí i pé: "Fi ibi tí kò ti yé ọ tẹ́lẹ̀ han bàbá rẹ." Umar jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, ó ya wàrà, ó gé e, ó ṣe èyí tí kò tọ̀nà, ó ṣe èyí tó tọ̀nà, ó sì sọ ìdí. Yísà ń wo ọwọ́ ọmọ náà títí ó fi parí.

"Alhamdulillahi," ló wí. "Aǹtí, ohun tí mo wá béèrè lọ́jọ́sí nìyí. Ẹ ṣeun. Ọlọ́hun á san án fún yín."

Sakinah gba wàláà náà. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ló kọ. "Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. N kò rí èsì fún un títí ohùn mi fi lọ."

Yísà rọra kà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ó mu oyin náà tòun ti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má fi yìnyín sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ ti ń kíyè sí kíláàsì náà láti òkèèrè. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé ohùn àwọn ọmọ ló ń gbọ́ báyìí. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó jókòó sẹ́yìn. Ó rí i pé Sakinah kò kọ máàkì nìkan sínú ìwé àwọn ọmọ mọ́. Á kọ ohun tí ọmọ ti mọ̀, á kọ ohun tó kù, á sì ní kí ó tún un ṣe.

"Mo ní ìbéèrè kan," ni hẹdimásítà wí nígbà tí ẹ̀kọ́ parí. "Bí ọmọ bá tún un ṣe, tó wá gbà á, máàkì wo la ó kọ sílẹ̀? Ti àkọ́kọ́ ni, àbí ti ẹ̀ẹ̀kejì?"

Sakinah kọ ọ́ sí wàláà kan. "Ṣé ohun tó mọ̀ lónìí là ń wá, sà, àbí ohun tí kò mọ̀ lánàá?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀rọ̀ náà títí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó," ló wí, ó sì jáde. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó padà wá pé òun gbà, fún iṣẹ́ kíláàsì o, ìdánwò ìparí sáà á ṣì wà bó ṣe wà. Sakinah kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ohun tó gbà yẹn kò kéré fún un.

Nígbà tí dókítà tún yẹ ọ̀fun náà wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wíwú náà ti ń lọ, pé ó lè máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má kàn pariwo mọ́. Ohùn tó jáde tín-ín-rín, ó sì há díẹ̀. Ní kíláàsì, àwọn ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ó fi ohùn kékeré náà sọ fún wọn pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ọpẹ́ sì ni fún wọn, pé àwọn ni wọ́n sọ̀rọ̀ nígbà tí òun kò lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé wàláà. Kò padà sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìdánwò ìparí ọdún dé, ó lọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló yege nínú ìṣirò. Kọ́lá ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe, Sakinah sì mọ ibi tí iṣẹ́ náà wà. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lójúkorojú nígbà tó wá gba ìwé èsì. Binta wọ inú àwọn tó ṣe dáadáa jù. Umar kò sún mọ́ ipò kìíní rárá, ṣùgbọ́n ó yege, kíláàsì kẹfà ló sì ń lọ. Yísà gbé ọmọ náà sí iwájú bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbé e dé Òṣogbo, ó sì gbé e padà. Gbogbo èrò tó wọkọ̀ ló gbọ́ ìròyìn náà.

Bàbá Sakinah máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, nígbà tí ilé-ìwé ti wọ ìsinmi, Sakinah ra èso dàbínù, ó gba ṣọ́ọ̀bù Shehu, bàbá Huda, lọ. Ó bá a tó ń họ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìfọ́ pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Aǹtí, kí lẹ tún gbé wá yìí?"

"Dàbínù ni, sà. Mo wá dúpẹ́ wàláà ni."

"Àjákù pákó mà ni! Iná ni ìyá Huda ìbá fi wọ́n dá." Ó gba dàbínù náà, ó ṣí i, ó fi ọ̀kan sẹ́nu. "Àmọ́ ẹ ti kó bá mi nílé o. Huda kò jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ sinmi mọ́. Kí wọ́n tó jẹun, á ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n fi pín ẹran dọ́gba. Ó bi èmi náà lánàá pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé tábìlì tí mo kàn gún. Mo ní mo wò ó ni. Ó ní kí n ṣàlàyé."

Sakinah fẹ́ rẹ́rìn-ín sókè, ó rántí ọ̀fun rẹ̀, ó sì rọra rín in. "Ẹ wá ṣàlàyé fún un bí?"

"Mo ṣàlàyé o. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n láti igun dé igun lójú rẹ̀." Shehu gbọn ìfọ́ pákó kúrò nírùngbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín. "Níbi tí mo ti ń ṣàlàyé ni mo ti rí i pé ó fi díẹ̀ wọ́. Mo tún un kàn."

Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ nínú dàbínù náà. Shehu ní kí ó sọ fún tíṣà kíláàsì kẹrin pé pákó ṣì kù, bí òun náà bá fẹ́ wàláà fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Sakinah ní òun á sọ fún un. Nígbà tó dìde, ó tún dúpẹ́, Shehu ní ó tó, ó ní ọpẹ́ ti pọ̀ jù. Sakinah sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì láti dúró de kẹ̀kẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ ní tirẹ̀, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn tó kù fún un.